Ẹni Tó Bá Dákẹ́, Tara Rẹ̀ A Bá A Dákẹ́

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ènìyàn kò yé bi mí láti ìgbà tí mo ti di olórí ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkàn àti ìwà àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì aládàáni kan ní ìlú Òrè níbí. Wọ́n á ní, "Pásítọ̀, ẹ̀yin tí ẹ jáde ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì, kí lẹ ń wá nídìí sáíkọ́lọ́jì? Ṣé àdúrà kò tó mọ́ ni?" Ẹ̀rín ni àwọn mìíràn fi ń bi mí. Àwọn mìíràn kò sì rẹ́rìn-ín rárá. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé mo ti fẹ́ yà kúrò lọ́nà. Mo fẹ́ fi ojú-ìwé yìí dá gbogbo wọn lóhùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ẹni tó ní ọmọ nílé, ó sì kan ẹni tó ń bá ọlọ́mọ gbé.

IṢẸ́ TÍ À Ń ṢE

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. WAEC kò ní ìdánwò kankan tó ń jẹ́ sáíkọ́lọ́jì, nítorí náà a kì í kọ́ àwọn ọmọ ní i láti fi gba ìwé ẹ̀rí. Ẹ̀kọ́ nípa bí ọkàn ẹ̀dá ṣe ń ṣiṣẹ́ ni. Àwa ń lò ó láti fi ran àwọn ọmọ lọ́wọ́. Àwa mẹ́ta la wà ní ẹ̀ka náà. Arábìnrin kan wà tó gboyè nínú ìtọ́sọ́nà àti ìgbaninímọ̀ràn. Arákùnrin kan, ọ̀dọ́, gboyè nínú sáíkọ́lọ́jì gan-an ní yunifásítì. Èmi ni ẹ̀kẹta wọn. Àwọn méjèèjì mọ ìwé iṣẹ́ yìí jù mí lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀, tí a bá ránṣẹ́ pe bàbá ọmọ, bí ó bá gbọ́ pé pásítọ̀ ló ń pè é, yóò wá. Iṣẹ́ olórí nìyẹn: kí n ṣí ilẹ̀kùn, kí àwọn tó mọ iṣẹ́ ráyè ṣe é.

Iṣẹ́ mẹ́ta la ń ṣe. Èkíní, a ń ran àwọn ọmọ JSS 3 lọ́wọ́ láti mọ kíláàsì tó yẹ kí wọ́n bọ́ sí. Èkejì, a ń gbọ́ ẹjọ́ ọkàn wọn. Ẹ̀kẹta, a ń bá àwọn tíṣà àti àwọn òbí sọ̀rọ̀ lórí bí a ti ń tọ́ ọmọ tó ti ń di géńdé.

Ẹ má ṣe rò pé àjèjì ni iṣẹ́ yìí jẹ́ nínú ilé Ọlọ́run. Ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ti ń ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Nàìjíríà ni St. Theresa's College, Òkè-Àdó, ní Ìbàdàn, ní ọdún 1959. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ni, tí àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ti ìjọ Kátólíìkì ń ṣàkóso. Àwọn ọmọbìnrin wọn ń múra láti jáde, òmìnira orílẹ̀-èdè wa sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn ìyá wọ̀nyí rò ó pé, ibo ni àwọn ọmọ yìí ń lọ? Wọ́n ké sí àwọn ènìyàn láti ẹnu oríṣiríṣi iṣẹ́ pé kí wọ́n wá la àwọn ọmọ náà lọ́yẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1977, ìjọba àpapọ̀ fi ìtọ́sọ́nà àti ìgbaninímọ̀ràn sínú ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1982 ni ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọmọ tí kò tíì ju ọdún mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ ni yóò yan ọ̀nà tí yóò tọ̀. Ta ni yóò ràn án lọ́wọ́?

Bàbá kan wà ní ìhà Araromi-Obu, rọ́bà ló ń kọ nínú oko ńlá tó wà níbẹ̀. Ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ di lọ́yà dandan. Ọmọ náà ní ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ọkàn òun fẹ́, máàkì rẹ̀ láti JSS 1 sì gbè é lẹ́sẹ̀. Nígbà tí bàbá náà dé ọ́fíìsì wa, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí wa. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ wo ọwọ́ mi. N kò fẹ́ kí ọmọ mi di irú ọ̀bẹ tí mo dì mú." Kò sí ẹni tó lè bá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jà. Ìfẹ́ ni. Ọ̀dọ́ arákùnrin wa ló fi pẹ̀lẹ́tù ṣàlàyé fún un pé yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Àkúrẹ́, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1981, ní ẹ̀ka ńlá fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, àti pé ẹni tó bá kà á jáde lè di ẹni tó ń tún irúgbìn ṣe tàbí tó ń ṣàkóso oko. Bàbá náà bi í pé, "Ṣé ó lè di ọ̀gá ní oko tí mo ti ń kọ rọ́bà?" A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fọwọ́ sí i.

ÌLÚ TÍ A WÀ

Ẹni tó bá mọ Òrè yóò mọ ìdí tí ọkàn ọmọ fi lè rẹ̀ níbí. Oríta ni ìlú yìí. Ọ̀nà Èkó sí Benin gba àárín wa kọjá, ọ̀nà Oǹdó àti ti Okitipupa sì so mọ́ ọn. Tọ̀sán-tòru ni ọkọ̀ ń kọjá. Àwọn bọ́ọ̀sì ńláńlá tó ń lọ sí ìhà Ìlà-Oòrùn a dúró kí èrò jẹun, àwọn ọmọ wa a sì sáré tẹ̀lé wọn pẹ̀lú omi, ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn òbí mìíràn wà ní abúlé oko, ọmọ wọn wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní ìgboro. Ọ̀sẹ̀ méjì lè kọjá kí wọ́n tó fojú kan ara wọn.

Ìlú tó sì ti rí ogun ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra gba Benin, wọ́n sì tẹ̀síwájú dé Òrè kí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó lé wọn padà. Títí di òní ni Yorùbá ṣì ń sọ pé, "Ó le kú, ìjà Òrè." Ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n bí mi, Odígbó ni mo sì dàgbà sí. Ní kékeré mi, àwọn àgbàlagbà kan wà tó jẹ́ pé bí táyà ọkọ̀ bá bẹ́ lójú títì, wọn a sùn mọ́lẹ̀ gbalaja. A máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè pé, "Bàbá, kí lẹ rí?" Wọ́n gbé ohun tí wọ́n rí wọ inú sàréè lọ. Yorùbá ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn dákẹ́ nítorí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́.

ỌMỌBÌNRIN TÍ ORÍ RẸ̀ Ń GBÓNÁ

Ọmọ SS 2 kan wà tó jẹ́ pé bí ó bá ti ṣí ìwé, orí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ó ní ńṣe ló dà bí ẹni pé èèrà ń rìn lábẹ́ irun òun. Ó lè wo ojú ewé kan fún wákàtí kan kí ó má mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Omijé a máa bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ tó ń gba ipò kejì tẹ́lẹ̀ bọ́ sí ipò kẹtàdínlógún. Bàbá rẹ̀ ń la pákó, ìyá rẹ̀ ń ta oúnjẹ fún àwọn èrò ọkọ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé àdúrà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó gba ààwẹ̀ títí ara rẹ̀ fi rù. Ní èyí tó ṣe ìkẹta, wọ́n sọ fún wọn pé arábìnrin bàbá rẹ̀ ló di ìwé mọ́ ọn lórí.

Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: arábìnrin bàbá yìí gan-an, tó ń gbé ní Ilé-Olújìí, ló ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ náà láti JSS 1. Bàbá ọmọ fóònù sí i, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí a kì í sọ sí ọmọ ìyá ẹni. Obìnrin náà kò wá mọ́, owó kò sì wá mọ́. Ìgbà tí owó kò wá mọ́ ni a fi mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀.

Arábìnrin wa pe ọmọ náà jókòó. Ó bi í ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi í: "Aago mélòó lo ń sùn? Aago mélòó lo ń jí? Kí lo jẹ lánàá?" Ohun tó jáde ni pé ọmọ náà ń bá ìyá rẹ̀ tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà títí di aago méjìlá òru. Ní aago mẹ́rin ìdájí, yóò jí, yóò jẹ obì kí oorun má baà gbé e, yóò sì tan tọ́ọ̀ṣì kàwé. Láti ìgbà tó ti wọ SS 1, bàbá rẹ̀ ti ń pè é ní "Dókítà" níwájú gbogbo àdúgbò. Ó ní ìgbàkúùgbà tí òun bá gbọ́ orúkọ yẹn, àyà òun á já.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn onímọ̀ ti mọ̀ nípa irú èyí. Ní ọdún 1960, dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta, kọ ìwé jáde lórí rẹ̀. Ó rí i láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé orí wọn ń gbóná, nǹkan ń rìn wọ́n lára, ìwé kò sì wọlé mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ló ń pè é ní brain fag, ìyẹn ni pé ọpọlọ ti rẹ̀. Kì í ṣe àwa aláwọ̀ dúdú nìkan sì ni: ọ̀rọ̀ kan náà ti wà lẹ́nu àwọn ará Ìlú Ọba láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún fún àwọn tó ń fi ọpọlọ ṣiṣẹ́ àṣejù. Ohun tó sábà máa ń wà nídìí rẹ̀ ni àìsùn, ohun tí a fi ń lé oorun lọ, àti ẹ̀rù pé bí èmi bá kùnà, gbogbo ẹbí mi ló kùnà.

A ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Yàtọ̀ sí pé ara rẹ̀ ti rù, wọn kò rí àrùn kan. Lẹ́yìn náà la bá òbí rẹ̀ jókòó. A bẹ ìyá rẹ̀ pé kí ọmọ náà má tajà ju aago mẹ́jọ alẹ́ lọ títí ìdánwò yóò fi kọjá. Ó sọ fún wa pé òun kò rí ẹni tí yóò ran òun lọ́wọ́, òótọ́ sì ni. Ọmọbìnrin kan nínú ìjọ ló gbà láti máa bá a dúró lálẹ́. A ní kí ọmọ náà fi obì sílẹ̀, kí ó máa kàwé fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ó sinmi, kí ó tó tún ṣí i. A sì sọ fún bàbá rẹ̀ pé kí ó máa pe ọmọ náà ní orúkọ tó sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ.

Kò kúrò lọ́jọ́ kan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni ó ní òun ka ojú ewé méjì tí orí òun kò gbóná. Ní ìparí sáà ẹ̀kọ́ náà, ó padà sí ipò karùn-ún.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kù. Èmi àti bàbá rẹ̀ ni a jọ wọkọ̀ lọ sí Ilé-Olújìí. Obìnrin náà gbé omi fún wa, ó jókòó, kò sọ̀rọ̀. Bàbá ọmọ dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó lajú sókè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, orí ọmọ yín ló ń gbóná, ṣùgbọ́n èmi lẹ dáná sun." N kò ní ìwàásù kankan láti fi tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yẹn. Ó dárí jì í. Ó sì tún ń san owó náà. Síbẹ̀, ó sọ fún mi nígbà tí a ń lọ pé òun kò tíì lè jẹun nílé ẹ̀gbọ́n òun.

ÀDÚRÀ ŃKỌ́?

Mo gbàdúrà pẹ̀lú ọmọ náà. Gbogbo ọmọ tó bá ní kí n gbàdúrà fún òun ni mo ń gbàdúrà fún. Mo gbà pé Ọlọ́run ń wo aláìsàn sàn. Ohun tí n kì í ṣe ni kí n ti ẹnu àdúrà dárúkọ ẹni tó ṣe é. Ẹ ka ìtàn Èlíjà nínú ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí kọkàndínlógún. Wòlíì tó pe iná sọ̀kalẹ̀ ni. Síbẹ̀, nígbà tí Jésíbẹ́lì lé e, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi, ó sì ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Kí ni Olúwa kọ́kọ́ ṣe fún un? Oorun, àkàrà àti omi ni, lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn tí ara rẹ̀ ti sinmi, tó ti rìn dé orí òkè, ni ó tó gbọ́ ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yẹn. Olúwa mọ̀ pé ará àti ọkàn jọ ń gbé ilé kan ni.

Ọmọ Yorùbá kan ti fi èyí hàn fún gbogbo ayé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, tó jáde ní Baptist Boys' High School, Abẹ́òkúta, tó sì kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Birmingham, ló bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Arò ní ọdún 1954. Kò ti àwọn tí ọkàn wọn ń ṣàìsàn mọ́lé. Ó fi wọ́n sí abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ẹbí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́. Ó rí i pé ojú ẹni tí a mọ̀ jẹ́ ara egbòogi. Ó ti sùn láti ọdún 2004, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ wúlò fún ìjọ. Òfin pàápàá ti yí padà. Èyí tí a jogún láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn ń pe aláìsàn wọ̀nyí ní wèrè. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ fọwọ́ sí òfin tuntun tó fún wọn ní ẹ̀tọ́ bí ènìyàn.

ÀṢÍRÍ ỌMỌ

Ohun tó nira jù fún pásítọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ni ẹnu. Àwọn ọmọ gbàgbọ́ pé ohun tí àwọn bá sọ fún pásítọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ ni yóò di ìwàásù lọ́jọ́ Ìsinmi. Nítorí náà, a ní òfin kan tí a ń sọ fún ọmọ kí ó tó jókòó: ohun tí o bá sọ níbí, níbí ni yóò wà, àyàfi bí o bá fẹ́ pa ara rẹ lára, bí ẹnìkan bá ń ṣe ọ́ níbi, tàbí bí o bá fẹ́ ṣe ẹlòmíràn níbi. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí, a ó wí, ìwọ ni a ó sì kọ́kọ́ sọ fún pé a fẹ́ wí. (Ọmọbìnrin tí mo sọ ìtàn rẹ̀ yìí àti ẹbí rẹ̀ ló fún mi láyè, mo sì ti yí àwọn nǹkan díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fún àwọn yòókù.)

Àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wá lọ́jọ́ kan pé kí n kó ìwé tí a kọ ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí jáde. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí àgbà, ṣùgbọ́n n kò kó ìwé náà jáde. Mo ní, "Bàbá, bí ẹlòmíràn bá wá béèrè ìwé ọmọ tiyín lọ́la, ṣé kí n fún un?" Ó bínú kúrò. Ó tó oṣù méjì kí ó tó padà wá. Ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sí àga tí àwọn ọmọ ń jókòó sí, ó ní, "Pásítọ̀, òfin yín yẹn, ṣé ó kan àgbàlagbà náà?"

Mo ní ó kan gbogbo wa.

Ẹ̀YIN ÒBÍ

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ọmọ méje tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún mẹ́wàá sí mọ́kàndínlógún, ọ̀kan ní àìsàn ọkàn kan tàbí òmíràn. Ẹ ka orí àwọn ọmọ tó wà nínú kíláàsì ọjọ́ Ìsinmi yín, kí ẹ fi méje pín in.

Bí ọmọ tó ń ṣeré bá dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, bí oorun rẹ̀ tàbí oúnjẹ rẹ̀ bá yí padà, bí máàkì rẹ̀ bá já lulẹ̀ lójijì, bí ó bá ń fi ohun tó fẹ́ràn ta àwọn ẹlòmíràn lọ́rẹ, bí ó bá ní ayé sú òun, ẹ má ṣe sọ pé, "Ìwọ tí mo ń bọ́!" Ẹ jókòó tì í. Ẹ bi í léèrè, kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Bí ẹ bá ń fura pé ó fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ẹ bi í ní gbangba. Ìbéèrè yẹn kì í fi èrò náà sí ọmọ nínú. Àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ń jẹ́ kí ó mọ̀ pé òun kò dá wà. Ẹ má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà. Ilé ìwòsàn ìjọba tó ń tọ́jú ọkàn wà ní Yábàá, ní Arò, àti ní Uselu ní Benin tí kò jìnnà sí wa. Kì í ṣe ìtìjú. Ẹ gbàdúrà nínú ọkọ̀ bí ẹ ti ń lọ.

Ọ́fíìsì wa ṣí sílẹ̀ fún òbí ní gbogbo Ọjọ́rú lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán, ọmọ yín ìbáà wà ní ilé-ẹ̀kọ́ wa tàbí kó má sí níbẹ̀. Ẹ kò ní san kọ́bọ̀.

Kí Olúwa tó fún Èlíjà ní oorun àti oúnjẹ fún àwọn ọmọ wa ní ìsinmi, kí ó sì fún àwa náà ní etí tí a ó fi gbọ́ wọn. Àmín.